Bàtà Òsì Àrá

Ọkọ̀ tuntun náà dé láàárọ̀, láìsí ẹni tó béèrè fún un. Awakọ̀ Alága ló wà á wá. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé Lọ́yà lọ́wọ́, ó ní, "Alága ní kí n kí yín," ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Lọ́yà kì í ṣe lọ́yà kankan. Ẹnu rẹ̀ tó mú ló sọ ọ́ lórúkọ. Òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Alága rí, títí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ fi yẹ̀ lórí pápá. Ẹgbẹ́ kò tọ́jú rẹ̀, nítorí àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ sọ pé ẹni tó bá ṣèṣe, kó máa lọ sílé. Látìgbà náà ló ti ń tiro, tó sì ń bá àwọn agbábọ́ọ̀lù dúnàádúrà. Lásìkò yìí, gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà ló fi ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́. Wọ́n ti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń béèrè: ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ wò ó sàn, kí owó oṣù rẹ̀ má sì dúró.

Àrá ni olórí wọn, àbúrò Lọ́yà, ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá fi gbá bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé á kọ́kọ́ forí pamọ́ ná kó tó rántí iṣẹ́ tó gbé e débẹ̀.

Àrá jáde síta, ó rí ọkọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ti ta nìyí?"

"Oníbàárà kan ló yá mi."

"Oníbàárà gidi mà nìyẹn o! Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yá èmi náà ní bàálù." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wọ aṣọ, nítorí ó ń lọ bá àwọn yòókù níbi ìpàdé. "Bàtà mi ńkọ́? Ṣé ó ti rọ̀?"

"Ó ti rọ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Tí Alága bá pè yín, ẹ má gbà fún un o. Ẹ̀yin la gbójú lé."

Lọ́yà kò lè wò ó lójú. Ojú ń tì í gidigidi, síbẹ̀ kò ju kọ́kọ́rọ́ náà nù.

Kò pẹ́ tí Alága fi pè é lórí fóònù. "Ṣé ọkọ̀ yẹn tẹ́ ọ lọ́rùn? Eré la ṣì ń ṣe. Máa bọ̀ ní pápá. Mú bàtà ìgbá-bọ́ọ̀lù àbúrò rẹ dání."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?"

"Tó o bá dé, wàá rí i."

Bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ÀRÁ sí ahọ́n rẹ̀ gàdàgbà. Lọ́yà fi ọ̀rá wé e.

Pápá dákẹ́. Koríko ti hù bo ìlà funfun. Lábẹ́ àga àwọn òǹwòran ni yàrá Baba Òróró wà, bàbá arúgbó tó máa ń fòróró wọ́ ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Lọ́yà mọ yàrá náà bí ẹní mowó. Ó ti dùbúlẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ohun tí kò mọ̀ ni ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ dè é.

Ilẹ̀kùn náà ṣí sí àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn sì lọ sísàlẹ̀, sínú òkùnkùn. Òórùn òróró, ti ìbọ̀sẹ̀ tó ti kan àti ti ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ pàdé rẹ̀ lọ́nà. Iná fìtílà kékeré kan ń jó. Bàtà ló wà lára ògiri, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ní ìkejì. Ọ̀kan nínú wọn ń kán tótó.

Alága jókòó, ó fi áńkáṣíìfù bomú. Baba Òróró dúró ti kòtò kan ní àárín yàrá.

"Lọ́yà, rọra," Baba sọ, ẹ̀rín ń yọ lójú rẹ̀. "Ìdúnàádúrà náà la wá ṣe."

Alága kò fọ̀rọ̀ gùn. "Tí Àrá bá ṣubú, àwọn yòókù á padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ọmọ tí mo bá tà sókè òkun láti òní lọ, ìwọ ni aṣojú rẹ̀. Ìwọ nìkan."

Lọ́yà tẹjú mọ́ kòtò náà. "Ṣé ó máa kú ni?"

"Kú kẹ̀?" Baba Òróró ló dáhùn. "Ẹsẹ̀ lásán ni. Ìwọ alára ò kú, o ń jẹun, o tún wa ọkọ̀ tuntun wá síbí. Ilẹ̀ pápá yìí ń jẹ ẹsẹ̀, ọmọ mi. Èyí tó bá jẹ, ìsàlẹ̀ níbí ló máa wà, táá máa ṣiṣẹ́ owó fún wa. Gbogbo góòlù tó bá wọlé lókè, òun ló máa gbá a nísàlẹ̀." Ó na ọwọ́. "Òsì nìkan ni mo fẹ́. Ẹnu rẹ ni kó sì ti jáde. Sọ pé: ẹsẹ̀ tó làágùn sínú bàtà yìí, mo tà á."

Lọ́yà rántí bó ṣe máa ń pọn ọmọ náà lọ sí pápá tó bá rẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó sá. Ṣùgbọ́n ó tún rántí ara rẹ̀ níta ọgbà yìí kan náà, lórí ọ̀pá, tí ẹnikẹ́ni kò kí i pé ó dàárọ̀.

"Ẹsẹ̀ tó làágùn sínú bàtà yìí," ó sọ, "mo tà á."

Baba ju bàtà òsì sínú kòtò. Ó da òróró lé e.

"Bàtà, pe ẹsẹ̀ tó mọ̀ ọ́.
Òógùn tó wọ awọ, má padà sára.
Pè é nílé, kó dáhùn.
Pè é lọ́nà, kó yà wá.
Pè é, kó má lè kọ̀!"

Erùpẹ̀ kòtò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹnu. Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn, ó mi orí. "Ọmọ yìí mà ń ṣiṣẹ́ o. Òógùn rẹ̀ ṣì tutù."

Tutù báwo? Àrá kò tíì tẹ pápá láti ìgbà tí wọ́n ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni Lọ́yà ti wá rántí. Bàtà tuntun ni. Awọ ẹsẹ̀ Àrá kì í gba bàtà tó bá le, kíá ló máa ń bó. Láti kékeré, Lọ́yà ló máa ń bá a fi ìbọ̀sẹ̀ tútù wọ bàtà tuntun káàkiri ilé títí táá fi rọ̀. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé kò kà á sí wíwọ̀ mọ́. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ òun ló ń làágùn nínú rẹ̀.

Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbóná.

"Ẹ dá a dúró! Àṣìṣe ni! Èmi ni mo wọ̀ ọ́!"

"Gbogbo ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé níwájú Alága ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," Baba Òróró fèsì, ó sì ń nu ọwọ́.

Ohun kan fa ẹsẹ̀ náà láti inú egungun. Èékánná rẹ̀ re bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ súnkì, ó dúdú, ó gbẹ bí awọ bàtà àtijọ́, gbígbẹ náà sì ń gòkè bọ̀ wá sí orúnkún. Lọ́yà ké títí ohùn fi tán. Ó fi àyà wọ́ gun àtẹ̀gùn, ẹ̀rín bàbá náà sì ń tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Àrá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n wá gbọ́ àbọ̀ ìdúnàádúrà. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà. Àìsàn tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n pè é, Lọ́yà kò sì lanu sọ nǹkan kan.

Alága buwọ́ lu gbogbo ohun tí àwọn ọmọ náà béèrè, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sórí pápá, Àrá fúnra rẹ̀ ló ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ó gbé e sí etí ìlà gan-an. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí eré bẹ̀rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kan Àrá lẹ́sẹ̀ òsì. Àwọ̀n mì. Àwọn òǹwòran hó gèè.

Níbi tí ẹsẹ̀ Lọ́yà kò sí mọ́, ìka márùn-ún fọ́ mọ́ òkúta. Ó gé ètè ara rẹ̀ jẹ kó má baà ké.

Àrá sáré wá, ó dì mọ́ ọn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo gbá a fún! Gbogbo èyí tí mo bá ń gbá wọlé láti òní lọ, tiyín ni!"

Lápá kejì, Baba Òróró juwọ́ sí wọn pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Àrá ti padà sáàárín pápá, wọ́n sì tún ti fún un ní bọ́ọ̀lù. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè. Lọ́yà di apá kẹ̀kẹ́ mú, ó ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ ìyá rẹ̀ tàsé.