Íǹṣì Méjì Ààbọ̀ tí Kóòṣì Tackett Fi Kún Un

Bí irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí gbogbo eyín mi ká sílẹ̀ níbi tí mo jókòó sí nílé oúnjẹ Earl yìí, kí ajá ẹ̀ kó wọn jẹ. Ojú mi ló ṣe. Ibi tójú mi ò dé, etí mi débẹ̀. Ibi tétí mi náà ò dé, ẹ bi mí, màá sọ fún yín bó ṣe yẹ kó rí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Màmá Odessa Poteet gbé ìdọ̀tí lọ sẹ́yìn ilé, síbi dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ń sun pàǹtí. Ó wo inú dúrọ́ọ̀mù, ó rí ìwé. Kì í ṣe bébà lásán o. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ gíga, mẹ́fà, tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, orúkọ Kendrell lára gbogbo wọn. Wọ́n ti da kẹrosíìnì lé wọn. Ìṣáná nìkan ló kù.

Kendrell lọmọ ọmọ ẹ̀. Òun ló tọ́ ọ látìgbà tọ́mọ náà ṣì ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá láì tẹrí ba. Gbogbo Pruitt Fork ló mọ̀ ọ́n. Kí ni mò ń wí, gbogbo Kentucky! Tí Kendrell bá ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n níbí, adìyẹ á yé ẹyin nílùú kejì. Mo ti jẹ nínú ẹyin náà. Ó ku ọdún kan péré kó gbàwé ẹ̀rí nílé ìwé wa, kò sì sí Poteet kankan tó gba irú ẹ̀ rí látìgbà tí Ọlọ́run ti dá Poteet.

Màmá ò pariwo. Ó kó ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé, ó tò wọ́n síwájú Kendrell tó ń jẹ ẹyin díndín lórí tábìlì.

"Kí lèyí?"

"Ìwé ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ìwé ni. Kí ló ń ṣe nínú dúrọ́ọ̀mù lọ́jọ́ ìdánwò ẹ?"

"Mi ò nílò wọn mọ́. Mò ń lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tì olówó. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa mú mi nígbà tí wọ́n bá ń yan ọmọ tuntun lóṣù kẹfà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni Callaway."

Ẹ jẹ́ n sọ ti Callaway fún yín. Bryce Callaway. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé àlejò etí títì, yàrá kẹsàn-án, bàtà funfun lẹ́sẹ̀ bíi pé ẹrẹ̀ ò sí láyé. Ó ní ejẹ́ǹtì lòun, pé òun lòun máa ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé dúnàádúrà lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Èmi ti mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé gbájúẹ̀ ni, torí fọ́ọ̀kì ló fi jẹ búrẹ́dì àgbàdo. Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Ẹnì kankan ò bi mí.

Kendrell fa ìwé kan yọ lápò. Ìwé àyẹ̀wò ni. Àmì wúrà wà lórí ẹ̀, ìbuwọ́lù mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn olùyẹ̀wò ẹgbẹ́ ńlá ti yọ́ wá wò ó, wọ́n ti wọ̀n ọ́n látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì máa mú un mọ́ àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́.

"Ọ̀sán òní ni mò ń fọwọ́ sí ìwé ejẹ́ǹtì, Màmá."

"Tó o bá wá fọwọ́ sí i, tí wọn ò mú ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n máa mú mi."

"Mo ní tí wọn ò bá mú ẹ."

Kendrell wo ẹyin ẹ̀. Ó mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé ejẹ́ǹtì, ó parí. Kò ní gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé mọ́ láéláé, skọ́láṣíìpù ẹ̀ á sì fò lọ. Ọdún kan tó kù yẹn, á dìgbóṣe.

Màmá wọ gíláàsì, ó ka ìwé náà látòkè délẹ̀. Ó dúró lójú kan.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́jọ. Ta ni wọ́n ń sọ níbí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ? Ọjọ́ Àìkú ni mo wọ̀n ẹ́ fún ṣòkòtò. Mẹ́fà àti márùn-ún ààbọ̀ ni ẹ́." Òun ló ń rán gbogbo ṣòkòtò ẹ̀, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù kan látibí dé Lexington tí ṣòkòtò ibẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ Kendrell.

"Bó ṣe wà nínú ìwé eré nìyẹn, Màmá." Ìwé eré lèyí tí wọ́n máa ń tà lẹ́nu ọ̀nà tí eré bá wà, tí orúkọ àwọn ọmọ àti gíga wọn máa ń wà níbẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Kóòṣì."

Fèrè mọ́tò dún níta. Callaway ti dé. Kendrell já ìwé náà gbà, ìṣísẹ̀ méjì ló gbé, ó ti wọ mọ́tò. Màmá Odessa sá tẹ̀ lé e tòun ti sílípáàsì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Eruku ló bá.

Ó gba ilé oúnjẹ Earl yìí wá. Kóòṣì Tackett wà níbí tó ń jẹ ẹ̀wà. Lurleen Hatch, ọlọ́pàá wa, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Kendrell náà ni Earl àti Wanda tó ń pín lẹ́tà ń bá ara wọn jà lé lórí.

"Kó lọ jàre," ni Earl wí. "Orúnkún kì í pẹ́. Tó bá yẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé ìwé ẹ̀rí ló máa tò ó?"

"Tó bá wá yẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ló máa fi jẹun? Ṣé kó wá bá ẹ fọ abọ́ ni?"

"Tí wọ́n bá fún èmi ní mílíọ̀nù kan, màá fi ilé ìwé sílẹ̀ lónìí."

"Earl, kíláàsì mẹ́ta lo kà."

"Ṣé o rí i? Mo tètè fi í sílẹ̀, wọn ò sì fún mi ní nǹkan kan."

Ìgbà yẹn ni Màmá Odessa wọlé. Kò kí ẹnì kankan. Ó dúró síwájú Kóòṣì.

"Kóòṣì, báwo ni Kendrell ṣe ga tó?"

"Ó ga dáadáa, Màmá."

"Mo ní báwo."

"Bó ṣe wà nínú ìwé eré náà ni."

"Ẹ ṣí fìlà yín, kẹ́ ẹ wá tún un sọ."

Kóòṣì ṣí fìlà. Orí ẹ̀ ń dán, òógùn ti bò ó. "Mo... mo fi díẹ̀ kún un."

"Kí ni díẹ̀?"

"Íǹṣì méjì ààbọ̀."

Earl gbé kẹ́tù kalẹ̀. "Ọmọ tèmi ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì kan lẹ kọ fún un nígbà yẹn."

"Earl, má bínú. Márùn-ún àti mẹ́wàá ni."

Earl jókòó. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń yangàn kiri.

"Gbogbo kóòṣì ló ń ṣe é," ni Kóòṣì wí, ó ń wo ẹ̀wà ẹ̀. "Ká lè fi dẹ́rù ba àwọn tá a fẹ́ bá gbá. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ ńlá ò gba ìwé eré gbọ́. Wọ́n á ní kọ́mọ bọ́ bàtà, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi ń béèrè?"

"Mẹ́fà àti mẹ́jọ ló wà nínú ìwé àyẹ̀wò tí Callaway gbé wá."

Kóòṣì dìde. "Ẹni tó kọ ọ́ ò rí Kendrell sójú rí nìyẹn. Irọ́ tèmi ló dà kọ."

Lurleen ò tíì bu búrẹ́dì ẹ̀ jẹ. Ó wé e padà, ó kì í bọ àpò. "Ẹ wọkọ̀."

Èmi náà wọkọ̀. Wọn ò pè mí, àmọ́ wọn ò lé mi.

A dé ilé àlejò. Yàrá kẹsàn-án ti ṣófo, kọfí orí tábìlì ṣì ń rú èéfín. Páálí kan wà lórí ibùsùn, àmì wúrà ló kún inú ẹ̀, irú èyí táwọn tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi máa ń lẹ̀ mọ́wèé ọmọ tó bá kàwé dáadáa. A dé ilé epo. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, epo ṣì ń kán lẹ́nu ọ̀pá. Ọ̀nà pápákọ̀ òfúrufú ló dorí kọ. Lurleen wá tẹná mọ́ ọn. Ó sáré débi pé òjìji ọkọ̀ wa já sẹ́yìn, ẹ̀yìn ọ̀sán ló tó dé.

Ibi tí títì ti pàdé ojú irin la ti bá a. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èédú ló dí ọ̀nà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Orí ẹ̀ á ti máa jẹun ní Tennessee, ìdí ẹ̀ ò ní tíì jí níbí. Ó kàn dúró gbagidi. Mọ́tò pupa Callaway ló ṣíwájú, Kendrell wà nínú ẹ̀, orúnkún ẹ̀ wà létí ẹ̀ méjèèjì, ìwé wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, bírò wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Màmá Odessa kan gíláàsì mọ́tò. "Sọ̀kalẹ̀."

"Màmá, mo ti ń kọ orúkọ mi."

"Ibo lo kọ ọ́ dé?"

"Ken."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Sọ̀kalẹ̀, bọ́ bàtà ẹ."

Callaway rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ẹ̀ ń dí ọmọ yìí lọ́wọ́ ni."

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kendrell!"

Kendrell bọ́ bàtà. Ọwọ́ Màmá ò tó orí ẹ̀, ló bá ní kó dùbúlẹ̀ sójú títì, lórí ìlà yẹ́lò. Lurleen di tépù tí Màmá fi ń wọn ṣòkòtò mú nígìgísẹ̀, Màmá fà á dé orí. Àwọn mọ́tò ti tò sẹ́yìn wa, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá wòran.

"Mẹ́fà, márùn-ún ààbọ̀. Kóòṣì, ẹ sọ fún un."

Kóòṣì kúnlẹ̀ tì í, ó sọ fún un. Kendrell ò dìde. Ojú ọ̀run ló ń wò.

"Méjì ààbọ̀, Kóòṣì?"

"Méjì ààbọ̀, ọmọ mi. Má bínú."

"Èmi náà ti gbà á gbọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lurleen yíjú sí Callaway.

"Ta ló wọ̀n ọ́n fún ẹ?"

"Àwọn olùyẹ̀wò."

"Dárúkọ ẹyọ kan."

"Smith."

"Smith wo?"

"Gbogbo wọn ni."

"Báwo ni íǹṣì àwọn Smith ṣe wá bá irọ́ Kóòṣì mu rẹ́gí?"

Callaway wo báàgì ẹ̀ nínú mọ́tò. Ọkọ̀ èédú fọn fèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀. Kí Lurleen tó nawọ́, ọkùnrin náà ti fa báàgì ẹ̀ yọ, ó fò, ó rọ̀ mọ́ àkàbà ara ọkọ̀ kan. Ó juwọ́ sí wa. Ó juwọ́ o! Ọkọ̀ gbé e kọjá igi, ó gbé e wọnú kọ́nà.

Kendrell fẹ́ sá tẹ̀ lé e. Lurleen ní, "Jókòó."

"Ó ń lọ!"

"Mo ní kó o jókòó."

Ó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ búrẹ́dì ẹ̀, ó ń jẹun. Gbogbo wa jókòó. Wanda tó wà nínú mọ́tò lẹ́tà lẹ́yìn wa pín ẹ̀pà. Ṣé ẹ mọ̀, kò sí ọmọ Pruitt Fork tí kò mọ ọkọ̀ yẹn. Ó máa ń lọ dé kọ́nà ibi ìwakùsà, tí orí ẹ̀ bá ti kọjá tán, á wá fẹ̀yìn rìn padà láti já àwọn ọkọ̀ òfìfo tó so mọ́ ọn sílẹ̀. Lójoojúmọ́ ni. Òun ló ń mú wa pẹ́ dé ìgbéyàwó, òun ló ń mú wa pẹ́ dé ìsìnkú, látayé bàbá bàbá wa. Callaway ò bi ẹnì kankan.

Nígbà tí Lurleen jẹ ìdajì búrẹ́dì, fèrè dún. Ọkọ̀ ń fẹ̀yìn bọ̀. Callaway ń bọ̀ lórí àkàbà kan náà, ó dúdú láti bàtà títí dé eyín. Odò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lọ́hùn-ún, kò mọ̀wẹ̀, kò rí ibi bẹ́ sí. Ọkọ̀ gbé e wá síwájú Lurleen gan-an, ó dúró.

"Káàbọ̀," ni Lurleen wí. Ó nu ọwọ́, ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ìwé àyẹ̀wò mọ́kànlá ló wà nínú báàgì, tòun ti ìwé eré mọ́kànlá tó ti da gíga àwọn ọmọ kọ. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni Dwight Skaggs. Fóòmù ibùsùn ló ń tà tẹ́lẹ̀ ní Ohio.

"Kí lo fẹ́ fi ìbuwọ́lù wọn ṣe?"

"Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i, ìdajì ohun tí wọ́n bá rí láyé di tèmi. Màá wá ta ìwé náà fún ẹlòmíì."

"Tẹ́gbẹ́ ńlá ò bá mú wọn?"

"Ẹni tó rà á ló máa mọ̀."

"Ọmọ mélòó ló ti fọwọ́ sí i?"

Ó wolẹ̀. "Mẹ́rin."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Lurleen pe ilé ìwé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ejẹ́ǹtì náà kì í ṣe ejẹ́ǹtì, wọ́n gba gbogbo wọn padà. Ìyá ọ̀kan sunkún lórí fóònù débi pé a ní láti sá fóònù wa sóòrùn.

Kendrell? Aago méjì ni ìdánwò ẹ̀, ó sì ku ogún ìṣẹ́jú. Lurleen fi fèrè ọlọ́pàá gbé e lọ, láì wọ bàtà. Ó gba C. Màmá Odessa lẹ C náà mọ́ ara fíríìjì.

Ó gbàwé ẹ̀rí lọ́dún kejì. Ẹgbẹ́ ńlá ò mú un. Ilẹ̀ Tọ́kì ló ti wá ń gbá bọ́ọ̀lù olówó báyìí, ó ń fowó ránṣẹ́ sí Màmá. Earl ní ká ní ó tètè lọ ni, wọn ì bá mú un. Wanda ní ká ní ó tètè lọ ni, abọ́ ni ì bá máa fọ̀. Wọn ò tíì parí ẹ̀.

Èmi gan-an, ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta ló wá bẹ̀ mí lọ́dún yẹn. Mo ní rárá, ẹ jẹ́ n...

"Ìwọ? Ìwọ tó ń nulẹ̀ pápá básíkẹ́ẹ̀tì?" ni Lurleen já lu ọ̀rọ̀ mi látorí tábìlì ẹ̀.

"Wọ́n rí bí mo ṣe ń nù ún ni!"

"Ó tó. Máa lọ sílé."

"Mi ò tíì sọ ti ẹgbẹ́ kẹrin..."

"Earl, gba ife yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Sílé! Wanda, ṣílẹ̀kùn fún un."