Ọ̀rọ̀ Tí Níkẹ́ Kò Túmọ̀

Dókítà náà sọ̀rọ̀ títí. Ó ka ìka ọwọ́ ọ̀tún, ó ka tòsì, ó fi ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ó tún fi bébà fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ooru ń mú. Nígbà tí ó parí, ó yíjú sí Ayọ̀níkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ń retí kí ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Níkẹ́ wo ilẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n ní kò sí wàhálà."

Ìbíwùmí, ìyá rẹ̀, ranjú mọ́ ọn. "Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ látẹ̀ẹ̀kan yìí, òun náà ni 'kò sí wàhálà'?"

"Èdè wọn ló gùn, Mọ́mì. Wọ́n ní kí ẹ máa lo oògùn yìí, ẹyọ kan lójúmọ́, fún ọdún márùn-ún, kí àìsàn náà má baà padà wá."

"Kò ní yọ mí lẹ́nu?"

"Kò ní yọ yín lẹ́nu."

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní oṣù kejì ọdún 2006, ní ọ́fíìsì dókítà kan ní àdúgbò Wedding, ní ìlú Berlin.

Ẹ má tíì dá Níkẹ́ lẹ́bi. Berlin ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ti padà sí Abẹ́òkúta láti ìgbà tí Níkẹ́ wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Yorùbá tí ó gbọ́ kò ju Yorùbá inú ilé lọ: ti oúnjẹ, ti àdúrà, ti "wá gbé èyí" àti "ṣé orí rẹ pé?" Ohun tí dókítà sọ lọ́jọ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Ó ní oògùn náà lè dá nǹkan oṣù obìnrin dúró, pé ooru lè máa ṣàdédé mú un, pé egungun lè máa ro ó. Ó tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ẹnu wo ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá fẹ́ fi sọ ìyẹn fún ìyá tó bí i?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú Ìbíwùmí kan nítorí àrùn jẹjẹrẹ, tí oògùn Chemo sì já gbogbo irun orí rẹ̀, ó ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá tún fún mi ní oògùn tí yóò máa dà mí láàmú, n ò lò ó. Kí Ọlọ́run ṣe tirẹ̀." Níkẹ́ kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó fẹ́ kí ìyá òun lo oògùn, kí ó má kú. Nítorí náà ni ó ṣe gé ọ̀rọ̀ dókítà kúrú.

Nígbà tí wọ́n délé, ó ṣí páálí oògùn náà, ó yọ Beipackzettel inú rẹ̀, ìyẹn bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń kọ gbogbo ohun tí oògùn lè ṣe sí ènìyàn sí. Ìyá rẹ̀ kò lè ka èdè Jámánì, ṣùgbọ́n Sister Roseline ní ṣọ́ọ̀ṣì lè kà á. Níkẹ́ ká a, ó fi há inú ìwé Atlas rẹ̀. Nígbà tí páálí kejì dé ní oṣù karùn-ún, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ irun dídì ni Ìbíwùmí ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Müllerstraße. Kí oṣù karùn-ún tó parí, ìka rẹ̀ kò ká dáadáa mọ́ láàárọ̀. Níkẹ́ ń rí i bí ó ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife tíì mú. Ó ń rí i tí ó ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń wọ súwẹ́tà. Nígbà mìíràn ìyá rẹ̀ á bú u nítorí síbí kan, á wọ yàrá lọ, á ti ilẹ̀kùn, Níkẹ́ á sì máa gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti kọ́rídọ̀.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Kò sí wàhálà."

Níkẹ́ mọ ohun tó dé. Oògùn náà ni. Ó sì rò pé bí ó ti jẹ́ pé oògùn lásán ni, yóò lọ bó bá yá. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń rò, kò bi í léèrè. Ìyá rẹ̀ náà kò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ó ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé Ọlọ́run ti wo òun sàn, wọ́n sì ti jó, wọ́n ti yọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, Ìbíwùmí pè é. "Ọ̀dọ̀ Àǹtí Àríkẹ́ ní Hamburg ni wàá ti máa lọ sílé ìwé báyìí."

"Hamburg ke? Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Àbúrò mi ni. Ó yẹ kí o mọ́ wọn lára."

Níkẹ́ fi èdè Jámánì bẹ̀ ẹ́, ó fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀. Ó ń ká aṣọ sínú báàgì, aṣọ òtútù pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Lurup, àdúgbò tí Àǹtí Àríkẹ́ ń gbé, jìnnà sí àárín Hamburg. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ dé ibẹ̀, ilé gogoro sì pọ̀ níbẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ara wọn. Àǹtí Àríkẹ́ lójú àánú, ṣùgbọ́n ọ̀sán dé alẹ́ ni ó fi ń ṣiṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Níkẹ́ á ti ilé ìwé dé, á gbé ìrẹsì rẹ̀ kaná, á jókòó ní kíṣìnì, á sì jẹun pẹ̀lú ìró fíríìjì. Ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sophie bi í pé kí ló gbé e wá láti Berlin. Ó ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ni, kò mọ̀. Ó rò pé ìyá òun ti rí òun sú ni.

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Mọ́mì, ṣé ara yín le?"

"Kò sí wàhálà. Ìwọ ńkọ́?"

"Kò sí wàhálà."

Bí ó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn. Òun ni ó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn láti bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dún.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹwàá, Àǹtí Àríkẹ́ gbé ìwé kan wá síwájú rẹ̀ pẹ̀lú báírò. "Níkẹ́, bá mi wo ìwé yìí. Mọ́mì rẹ fi ránṣẹ́, wọ́n ní ti ilé ìwé rẹ ni. Ibo ni n ó fọwọ́ sí?"

Níkẹ́ kà á. Èdè Jámánì ni, Àǹtí rẹ̀ kò sì lè kà á. Ó dájú pé Sister Roseline ló bá ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní: bí èmi Ìbíwùmí bá kú, mo fẹ́ kí àbúrò mi, Àríkẹ́ Babalọlá, jẹ́ alágbàtọ́ ọmọ mi Ayọ̀níkẹ́.

Ó tún un kà. Ìyá rẹ̀ kò rí i sú. Ìyá rẹ̀ rò pé òun ń kú lọ ni.

"Ti ilé ìwé ni, àbí?" ni Àǹtí Àríkẹ́ béèrè. Ó ti ṣí báírò sílẹ̀, ó sì ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Kò sí ohun tó rọrùn tó kí ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sí wàhálà, ẹ fọwọ́ síbí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Rárá, Àǹtí. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Màá kà á fún yín, gbogbo ẹ̀."

Ó kà á, kò fo ìlà kan. Àǹtí Àríkẹ́ bú sẹ́kún. Ó fẹ́ gbé fóònù, Níkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sọ ti dókítà fún un, ó sọ ti bébà inú Atlas. "Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́ fún wọn fúnra mi."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Berlin pẹ̀lú Atlas náà lórí itan rẹ̀.

Búbà fẹ́lẹ́ ni Ìbíwùmí wọ̀ nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn, tówẹ́ẹ̀lì wà lọ́rùn rẹ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, ilé tutù. "Níkẹ́! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mọ́mì." Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ó yọ bébà méjèèjì. "Ọjọ́ tí dókítà sọ̀rọ̀ títí yẹn, mi ò túmọ̀ ẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ẹ̀ báyìí."

Ìyá rẹ̀ jókòó. Níkẹ́ fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́.

"Wọ́n ní ooru máa ń ṣàdédé mú ẹni tó bá ń lò ó. Òógùn máa ń bò ó."

Ìbíwùmí fi ọwọ́ kan tówẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n tún ní ibi tí egungun ti... ti pàdé egungun kejì..."

"Oríkèé."

"Oríkèé. Ó lè máa dùn ún. Ọkàn ẹni náà lè máa bàjẹ́ láìnídìí. Àti pé nǹkan yẹn, Mọ́mì, èyí tó máa ń wá lóṣooṣù..."

"Nǹkan oṣù. Sọ ọ́ jáde. Tèmi ti dúró láti oṣù karùn-ún."

Níkẹ́ kà á dé òpin. Ìyá rẹ̀ ń wo ògiri.

"Ayọ̀níkẹ́," ni ó wí. Kò pè é ní Níkẹ́. "Oṣù mẹ́jọ. Wọ́n sọ ìtàn obìnrin kan fún mi tí jẹjẹrẹ wọ inú egungun rẹ̀. Mo ní òun nìyí, ó ti dé. Mo rán ọ lọ kí o má baà wà níbẹ̀ bí mo bá ń kú. Mo ti yan aṣọ tí wọn yóò fi sin mí, ó wà nínú àpótí yẹn. Oògùn náà, n ò lò ó mọ́, ó lé ní oṣù kan. Bí kò bá dá àìsàn dúró, kí ni mo fẹ́ máa gbé e mì fún?"

Nítorí kí ìyá rẹ̀ má baà kọ oògùn ni Níkẹ́ ṣe parọ́, irọ́ náà gan-an ló sì mú kí ó kọ̀ ọ́.

Ìbíwùmí dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò bá a sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Níkẹ́ tẹ ẹ̀bà, ó gbé e sí iwájú ilẹ̀kùn, ó tutù síbẹ̀. Kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn pátákó ilẹ̀kùn kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀kùn náà ṣí.

"Wọ aṣọ. A ń lọ rí dókítà."

Lọ́tẹ̀ yìí, Níkẹ́ túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ń gbóná. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ó sọ ìyẹn náà. Nígbà tí dókítà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun lòun jẹ̀bi jù, pé kò yẹ kí òun gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ọmọdé lórí. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán egungun Ìbíwùmí.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi dúró de èsì. Kò sí àìsàn kankan nínú egungun rẹ̀.

Dókítà ní kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn padà, kí ó máa rìn dáadáa lójoojúmọ́, kí ó máa ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàdédé yọ, kí ó wá lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ara rẹ̀ kò bá sì gba oògùn náà mọ́, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó wá sọ, wọn yóò jọ wá ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí wọ́n jáde sí Müllerstraße, Ìbíwùmí dúró, ó mí kanlẹ̀. "Lọ kó ẹrù rẹ ní Lurup."

Ìnira náà kò kásẹ̀ ńlẹ̀ o. Ìka rẹ̀ ṣì ń le láàárọ̀, àwọn ọjọ́ mìíràn sì wà tí inú rẹ̀ kì í dùn rárá. Ṣùgbọ́n bí ooru bá ti dé báyìí, á ní, "Ó ti dé o," Níkẹ́ á ṣí fèrèsé fún un, á sì lọ wọ kóòtù tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jọ ń rìn nínú ọgbà Rehberge.

Ibẹ̀ ni Ìbíwùmí ti sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "O rò pé o gbé ẹrù kúrò lórí mi. Ẹrù náà wà lórí mi, n ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. Ohun tí o bá gbọ́ nípa ẹlòmíràn, má bá a yan èyí tó máa mọ̀. Òun ló ni ín."

Nígbà tí wọ́n tún máa rí dókítà, Ìyáàfin Bímbọ́lá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ògbufọ̀, ló bá ìyá rẹ̀ wọlé. Níkẹ́ jókòó sí ìta. Ó pẹ́. Ó ń gbọ́ ohùn wọn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà yẹn ni ó tó mọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀mí rẹ̀ ní èdè tí kò yé e.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó fò dìde. "Mọ́mì, kí ni wọ́n sọ?"

Ìbíwùmí rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Wọ́n ní kò sí wàhálà."

Níkẹ́ wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fà á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Jókòó dáadáa," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ wọn gùn, gbogbo ẹ̀ ni n ó sì sọ fún ọ."