Ère Oníbodè ní Ìsàlẹ̀-Odi

Lọ́dún 1984, nígbà tí ìjọba ti ibodè Nàìjíríà pa, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odi, abúlé kan lẹ́bàá Òkè-Ọ̀dàn, ń parí ìrántí ogun Dàhòmì ní ojúkò bodè ìlú ti àtijọ́. Wọ́n ti mọ ògiri, wọ́n ti kọ orúkọ àwọn akọni sára rẹ̀. Ó ku ère oníbodè tó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Kọnkéré ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, ní ìdojúbolẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ń wọ̀lú lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣàíbù bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ kọnkéré ère náà sójú ọ̀nà tán láàárọ̀ ọjọ́ kan ni Màmá Àṣìkẹ́, àgbà ìdílé oníbodè, yọ nínú ìró àdìrẹ. Ó ká ìró sókè, ó wọ inú kọnkéré tútù, ó jókòó.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Yóò gan mọ́ yín lára," ni Ṣàíbù wí.

"Jẹ́ kó gan. Ẹ ti rí ẹni tí ẹ máa tẹ̀."

Wọ́n pe Tíṣà Mákindé, alága ìgbìmọ̀ ìrántí náà. Ó dé nínú bùbá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa.

"Màmá, ìtàn là ń kọ. Baba ńlá yín ló ṣílẹ̀kùn."

"Mo ní kò ṣí i ni? Ebi tó ń pa ọmọ rẹ̀ ló mú un ṣí i. Láti ìgbà náà, ilé wa ò nílẹ̀kùn àbáwọlé. Àwa la ru ìtìjú wa. Baba ńlá tìrẹ ńkọ́, tó ra àwọn ọmọ ìlú lọ́wọ́ ọmọ ogun Dàhòmì, tó lọ tà wọ́n ní Àgbádárìgì? Òun lẹ kọ sókè yẹn láàárín akọni."

Àwọn èrò tó ti péjọ wolẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ rí nílé; kò sẹ́ni tó sọ ọ́ níta rí.

"Ẹ gbé Màmá kúrò níbẹ̀," ni Mákindé wí fáwọn ọ̀dọ́. Ta ni yóò wọ́ arúgbó nílẹ̀? Kò sẹ́ni tó mira. Tíṣà wá ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ń ṣe: ó dọ̀bálẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́. Ìbínú kò jẹ́ kó wo ibi tó dúró sí. Àtọwọ́ àtàyà ló bọ́ sínú kọnkéré.

"O káre," ni Màmá wí. "Àwa méjèèjì ti pé síbẹ̀ wàyí."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Màmá na ọwọ́ sí Ṣàíbù, ó dìde.

"Ṣàíbù, tún un tẹ́," ni Mákindé wí.

"Tíṣà, èmi ò tẹ́ ẹ mọ́. Ẹ wá ẹlòmíì."

Kí wọ́n tó rí bíríkìlà mìíràn, oòrùn ti mú un gan, tòun ti ojú ìjókòó Màmá àti àmì ọwọ́ àti àyà Tíṣà. Sìmẹ́ńtì tí wọn ìbá fi tún un ṣe wà lódìkejì ibodè.

Lọ́dún 1986, ìjọba ṣí ibodè. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀ lórí àmì náà; kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n títí Tíṣà Mákindé fi kú, ọ̀nà oko ló ń gbà wọ ìlú rẹ̀.