Wákàtí Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Tíṣà Abọ́dúnrìn dákẹ́ nílé ìwòsàn Dókítà Ọlámipọ̀ ní Ìlaró. Ẹ̀rọ ọ́síjìn tó ń bá wọn mí ló kọ́kọ́ kú, kò sì dún pìn-ín kó tó kú. Kó tó di agogo méje, dókítà ti rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Níwájú Màmá Leah, ìyàwó olóògbé, àti àwọn ọmọ tó sáré ti Ilobi wá, ó na ìka sí Nọ́ọ̀sì Toyibat.

"Apànìyàn nìyí," ó ní. "Ó sùn lẹ́nu iṣẹ́, ó jẹ́ kí bàbá yín kú."

Irú àwọn Ọlámipọ̀ yìí wọ́pọ̀. Bí nǹkan bá dára, àwọn ló ṣe é. Bó bá bàjẹ́, nọ́ọ̀sì ni.

Ìsípẹ́kítọ̀ Kíkẹ́lọmọ Ọ̀ṣunníyì ni wọ́n rán wá láti àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin tí ojú rẹ̀ mú ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò kà sí.

"Ẹ̀rọ tuntun ni," dókítà sọ fún un. "Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí a rà á. Ọmọbìnrin yẹn ló pa á."

"Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀rọ náà wò?"

"Kí ni mo fẹ́ máa yẹ̀ wò lára ẹ̀rọ tuntun?"

Kíkẹ́lọmọ wọ wọ́ọ̀dù lọ. Ó lóṣòó ti ẹ̀rọ náà. Orúkọ dókítà wà lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Níwájú rẹ̀, nọ́ńbà kékeré kan wà tó ń ka iye wákàtí tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì lọ bá Toyibat lórí bẹ́ǹṣì níta.

"Màdáàmù, mi ò sùn," Toyibat wí. "Bí mo bá dé kóòtù, wọ́n á gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ mi. Bàbá mi ta ilẹ̀ oko wọn ní Ihunbo kí n tó rí ìwé yẹn gbà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà mí gbọ́? Orí yéye ní Mògún, ìpín àìṣẹ̀ ló pọ̀."

"Ọjọ́ mélòó ni Bàbá fi lo ẹ̀rọ náà?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ, tọ̀sán tòru. Iná sólà ló ń gbé e, kì í lọ."

"Ẹ kò yọ ọ́ rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé tó tà á fún wa wá fọ inú rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù. Ó ní kí n fi Bàbá sí sílíńdà ọ́síjìn díẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ lọ sídìí mọ́tò rẹ̀ kí eruku má baà wọ wọ́ọ̀dù. Kò pẹ́ tó fi gbé e padà."

"Agogo mélòó?"

"Márùn-ún ìrọ̀lẹ́."

Kíkẹ́lọmọ pa ìwé rẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kejì, ó kó dókítà àti nọ́ọ̀sì sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó di Ayétòrò, níbi tí Oyèwọlé ti ń polówó ọjà nílé ìwòsàn aládàáni kan.

Ẹ wo Oyèwọlé. Nínú oòrùn tó ń bó awọ, kóòtù dúdú ló wọ̀, ó so táì mọ́ ọrùn bí ẹni tó ń lọ gbéyàwó. Ó dúró ti ẹ̀rọ ọ́síjìn kan, ó ń pín bírò àti kàlẹ́ńdà. Gbogbo dókítà ni "ọ̀gá mi," gbogbo nọ́ọ̀sì ni "àǹtí mi arẹwà." Ó mọ orúkọ ọmọ gbogbo ọ̀gá tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ orúkọ aláìsàn kan ṣoṣo.

"Ẹ kú ìrìn o, Màdáàmù," ó ní. "Mo gbọ́ nípa Bàbá. Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n àgbà ni wọ́n, ikú ò sì gbóògùn."

"Ẹ̀rọ tí ẹ ń tà yìí ńkọ́? Wákàtí mélòó ló ti ṣe?"

Ojú rẹ̀ tàn. "Òdo, Màdáàmù. Ẹ̀rọ tí mo bá gbé délé ìwòsàn, òdo ló máa ń wà. Ìwà mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìwà yẹn ló mú ọ." Kíkẹ́lọmọ ti yọ ọ̀wọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀. "Ẹ̀rọ Ìlaró lo oṣù mẹ́ta. Tíṣà nìkan lò ó fún ọjọ́ mẹ́jọ, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba wákàtí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo bá lórí èyí tó kú. Kà á padà sẹ́yìn láti agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wàá bá. Ìgbà tí o wá fọ ẹ̀rọ nìyẹn. O gbé èyí tó dára lọ, o kọ orúkọ sára ògbólógbòó kan, o gbé e fún wọn. Olè tó gbọ́n ì bá fi nọ́ńbà tó jọra síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà títà ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. O kò lè gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ fún aláìsàn tó ń kú lọ láì kọ́kọ́ dá wákàtí rẹ̀ padà sí òdo kó lè dà bí tuntun."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí sítíkà ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà. Orúkọ Ọlámipọ̀ ló yọ lábẹ́ rẹ̀, ní ọ̀dà pupa.

Òógùn bo Oyèwọlé. "Màdáàmù, tòkunbọ̀ Kútọnu ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo gbé e síbẹ̀. Èyí tó dára kò ju ẹyọ kan lọ, òun ni mo ń fi han oníbàárà kí n tó ta àwọn yòókù. Ọlọ́jà lásán ni mí."

"Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́," Kíkẹ́lọmọ wí. "Wákàtí mọ́kànlélọ́gọ́ta." Ó ní kí wọ́n de ọwọ́ rẹ̀.

Bí ọkọ̀ ti ń padà bọ̀, dókítà wúkọ́. "Toyibat, ọ̀rọ̀ ti parí. Wá síbi iṣẹ́ lọ́la."

"Kò tíì parí, Dókítà. Iwájú ẹbí Bàbá lẹ ti pè mí ní apànìyàn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ilobi."

Dókítà wo ojú Ìsípẹ́kítọ̀. Ìsípẹ́kítọ̀ ń wo ojú títì. "Ilobi," Kíkẹ́lọmọ sọ fún awakọ̀.

Èrò kún iwájú ilé olóògbé. Màmá Leah jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ọmọ rẹ̀. Dókítà dúró lókèèrè díẹ̀, ó wolẹ̀, ó ń kùn pé Toyibat kò sùn, pé ó yẹ kí òun dókítà ti yẹ ẹ̀rọ wò.

"Mi ò gbọ́ ọ, Dókítà," Màmá Leah wí. "Ọjọ́ tí o pè é ní apànìyàn, gbogbo wa la gbọ́."

Dókítà gbé ohùn sókè, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.