Nọ́ọ̀tì Sítóò Kòkó

Lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n pe ẹjọ́ Simon káfíńtà lọ́dún 1938, oòrùn ò tíì mú tí kóòtù òyìnbó lẹ́bàá Onírèké fi kún fọ́fọ́. Àwọn ará Ṣakí tó ń gbé Dùgbẹ̀ wọ agbádá òfì wá. Wọ́n gbà pé tí Adéróunmú, ọ̀gá Simon, bá ti sọ̀rọ̀, ọmọ yóò bá wọn relé. Ṣebí ọwọ́ rẹ̀ ni Láwùmí, ìyá Simon, fa ọmọ lé láti kékeré?

Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ló jọ kọ́ sítóò kòkó tuntun nítòsí rélùwéè. Igi tútù ni wọ́n fi ṣòrùlé, Simon sì fi irin àti nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń yí mọ́ ọn lẹ́nu dè é pinpin. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tó dè é, ìtì igi kan já lu alárù, ó dá a lẹ́sẹ̀. Wọ́n gòkè wò ó, gbogbo nọ́ọ̀tì ti dẹ̀. Wọ́n ní Simon ló tú u, torí òun àti olówó tó ni sítóò ti ṣe gbólóhùn asọ̀.

"Olúwa mi, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án," Simon wí. "Téèyàn bá fi irin fún igi tútù pinpin, fọ́nrán inú igi tó ru ẹrù jù á máa gbé ẹrù náà díẹ̀díẹ̀ fún èyí tí ò ru nǹkan, títí ara igi á fi rọ̀, tí irin ò sì ní rí nǹkan dì mú mọ́. Lọ́jọ́ kẹta la máa ń padà lọ fún nọ́ọ̀tì le. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí n dúró de àwọn, pé àwọn fúnra àwọn ló máa lọ fún un; mo dúró títí, wọn ò dé."

Ògbufọ̀ kọjú sí Adéróunmú. "Adájọ́ ní, ṣé òótọ́ ni?"

Adéróunmú fi fìlà nu ojú. "Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Irin kì í dá dẹ̀."

Háà! Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Láwùmí ká ọwọ́ lérí.

Simon ò sunkún. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi irin àti nọ́ọ̀tì di igi tútù méjì pọ̀ níwájú adájọ́, kí adájọ́ ti igi náà mọ́nú àpótí, kó sì mú kọ́kọ́rọ́ dání. Wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́jọ́ kẹta, ìka lásán ni adájọ́ fi yí nọ́ọ̀tì. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Wọ́n dá Simon sílẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, Adéróunmú dì í lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn tí mi ò fi lọ. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n bà mí."

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," Simon dáhùn. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀.

Ó bínú pẹ́. Nígbà tó yá, ìbínú náà lọ, àmọ́ ìfẹ́ ò padà wá. Tí òun àti ọ̀gá bá pàdé lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń kí i, ó sì ń kọjá.

Ọdún kẹfà ni Adéróunmú kú. Simon ló kan pósí, kò gba kọ́bọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta òkú, tí gbogbo ọmọṣẹ́ pé sílé ọ̀gá, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fá pákó.

Láwùmí wá bá a. "Simon, o ò ní lọ ni? Ọjọ́ kẹta rèé."

"Ìyá mi, èmi náà dúró dè wọ́n lọ́jọ́ kẹta."