Akọ̀wé Ló Yege

Ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó ti fọn fèrè, àwa tí à ń tajà ní ibùdókọ̀ Ìfọ̀ sì ti gbé igbá karí, oníkálukú ń wo ojú fèrèsé tí yóò sáré tọ̀. Ẹ̀pà sísun lèmi ń tà. Bí mo ṣe ní kí n gbé ẹsẹ̀ báyìí, mo gbọ́ tí ẹnìkan pè mí lẹ́yìn pé, "Ìyàwó Sàlísù, dúró ná." Mo bojú wẹ̀yìn. Tíṣà Ọláwùnmí ni, olùkọ́ àgbà ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, ó ń mí bí ẹni tí ajá lé.

Ó ní èsì ìdánwò ìwé mẹ́fà ti dé. Ó ní Hàfísátù páàsì, kì í sì í ṣe pé ó páàsì lásán, ààyè ti wà fún un ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Abẹ́òkúta, kí bàbá rẹ̀ sáà ti gbà. Mo bi í léèrè ọmọ wa kejì. Ó mi orí. Ó ní Mùsáfírù kò rí i mú lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ kí ó padà wá tún kíláàsì náà ṣe.

Ọkọ̀ dé, ọkọ̀ lọ, n kò ta ẹ̀pà kankan. Ijó ni mo ń jó pẹ̀lú igbá lórí. Sùwéébátù tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ṣé wọ́n fi mí joyè ní rélùwéè ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Ó ku ọdún díẹ̀ kí ìwé ọ̀fẹ́ dé nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìfọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá sì ń ṣe oko ní Ìbàfò. Bàbá ní ìyàwó méjì. Kúlúsúmù ni ìyáálé, òun ló bí Mùsáfírù. Wòsílátù ni ìkejì, òun ló bí Hàfísátù. Nítorí ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ wa ní Ìfọ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì ń gbé. Èmi ni mò ń se oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, èmi ni mò ń jí wọn láàárọ̀.

Nígbà tiwa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá bá nílé ọkọ. Ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, tí wọ́n bá ti bí i kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ọkọ ìyàwó ni. Orúkọ mìíràn ni ìyàwó yóò fún un, èyí ni yóò sì máa pè é títí. Mùsáfírù ga, aṣọ sì máa ń dára lára rẹ̀, ni mo bá ń pè é ní Agùntáṣọọ́lò. Hàfísátù ní tirẹ̀, kò sí ibi tí kì í kọ nǹkan sí. Òun ló ń bá àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè kọ lẹ́tà sílé. Èmi tí n kò mọ a yàtọ̀ sí b, òun ló ń fi èédú kọ́ mi lórí pákó tí mo ń gbé igbá ẹ̀pà lé. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Èmi náà, Ìyàwó ni gbogbo ilé ń pè mí.

Ọlidé ti dé, àwọn ọmọ ti lọ sí Ìbàfò láti bá ẹbí ṣe Màólúdù. Èmi máa tẹ̀lé wọn ni, ṣùgbọ́n inú mi kò gbà kí ìròyìn náà dúró dè mí. Ọkọ mi kò sí nílé, ó ti bá ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Mo sáré bá Adéyanjú, ọkùnrin kan tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ra epo pupa ní ọ̀nà Mowé àti Ìbàfò. Mo ní kí ó bá mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá, kí ó sọ pé Akọ̀wé yege, pé èkejì kò bá a rìn lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n má bá a jà. Ó tún un sọ fún mi bí ọmọ kéwú, ó lu aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

N kò rí ohun tó burú nínú ohun tí mo wí. Ní Ìfọ̀, Akọ̀wé kan ṣoṣo ló wà.

Àṣé ní Ìbàfò, Akọ̀wé mìíràn wà. Wọ́n ti bí Mùsáfírù kí wọ́n tó gbé Wòsílátù wọlé, òun náà kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ náà. Wọ́n ní nígbà tí ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, igi ló máa ń mú, tí á máa fi ha ilẹ̀ kiri àgbàlá. Wòsílátù bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bí Adéyanjú ṣe jíṣẹ́ tán, Wòsílátù ló kọ́kọ́ pariwo. Ó ní ọkọ òun yege, Akọ̀wé òun yege, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ijó náà ti wọra kí ó tó rántí pé tí Akọ̀wé bá yege, ọmọ tòun ni èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Bàbá ti sọ kí wọ́n tó ṣe ìdánwò pé ẹni tó bá yege, òun á sìn ín dé Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò bá yege, kí ó wá iṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ Hàfísátù ti wà nílẹ̀: Fàúsátù, àbúrò Bàbá tó ń ta aṣọ ní Àgbàdo, wá ṣe ọdún, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá òun ru ẹrù títí ọkọ yóò fi dé fún un. Wọ́n ní tí ọdún bá ti parí, kí ó tẹ̀lé e.

Hàfísátù sọ̀rọ̀ o. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, èmi ni Ìyàwó ń pè ní Akọ̀wé ní Ìfọ̀."

Fàúsátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí, tó o bá fẹ́ jalè, o ò jí ẹran nínú ọbẹ̀. Orúkọ lo wá fẹ́ jí."

Ìyá Hàfísátù pàápàá ní kí ó dákẹ́, kí wọ́n má baà pè é ní onílara. Bàbá yíjú sí Mùsáfírù, ó bi í pé kí ni Ìyàwó ń pè é. Mùsáfírù wolẹ̀. Ó ní, "Oríṣìíríṣìí ni wọ́n ń pè wá, Bàbá."

Kò parọ́. Kò sì sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bàbá mú òbúkọ tó tóbi jù sọlẹ̀ de ọdún, wọ́n rán bùbá àti ṣòkòtò tuntun fún ọmọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Mowé ń wá kí i, wọ́n ń pè é ní Akọ̀wé Abẹ́òkúta. Ó dùn mọ́ ọn. Ta ni kò ní dùn mọ́?

Mo gun lọ́rì dé ibi tí lọ́rì lè dé, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Inú mi ń dùn lọ, mò ń ronú bí wọn yóò ṣe gbé Akọ̀wé mi sókè. Ní etí odò, kí n tó wọ abúlé, Mùsáfírù ni mo rí nínú aṣọ tuntun. Ó gba ẹrù lórí mi, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Agùntáṣọọ́lò, ọkọ mi, aṣọ yìí mà dára lára yín. Mo rò pé ẹ ó ti máa sunkún ni."

Ó sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ kò gbé sókè. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ sáà wí pé Akọ̀wé ló yege. Irọ́ kọ́ nìyẹn."

Mo wò ó. Ọgbọ́n náà pọ̀ débi pé ó ń bà mí lẹ́rù. Mo bi í pé tó bá dé Abẹ́òkúta, tí wọ́n ní kí ó jẹ́ orúkọ, ta ni yóò ní òun jẹ́. Omi ojú rẹ̀ ń bọ́ sórí bùbá tuntun. Ó ní ìyá òun ti sọ fún gbogbo Mowé, pé ìtìjú ni yóò pa á.

Mo ní, "Ọkọ mi, n kò ní parọ́ fún Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ẹnu tèmi kò gbọdọ̀ pe orúkọ yín, kò sì gbọdọ̀ pe tirẹ̀. Ẹnu tiyín ló lè pe méjèèjì, mo sì fún yín di ọjọ́ ọdún." Mo gba ẹrù mi, mo wọlé.

Ní ọjọ́ Màólúdù, àgbàlá kún. Àwọn ọmọ kéwú ti kà, Ààfáà ti wàásù, ìrẹsì ti wà nínú ọpọ́n, òórùn ọbẹ̀ ń pa wá. Àpò Hàfísátù wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ti dì í fún Àgbàdo. Òun fúnra rẹ̀ ń pín omi, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá dìde, ó ní kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn. Mo kúnlẹ̀.

"Ta ló yege, Ìyàwó?"

"Akọ̀wé ni, Bàbá."

Gbogbo àgbàlá hó. Wọ́n ń na ọwọ́ sí Mùsáfírù, Kúlúsúmù ti ń ju gèlè sókè. N kò dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti la ẹnu láti wí pé ẹ dúró, ni Mùsáfírù fi dìde, tó gùn bí òpó láàárín wọn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bi Ìyàwó ní ohun tí wọ́n ń pè mí."

Bàbá bi mí. Mo ní, "Agùntáṣọọ́lò ni mò ń pe ọkọ mi."

Ọmọ náà ní, "Hàfísátù ni Akọ̀wé tí wọ́n ń wí. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí Adéyanjú ti dé. Òun sọ ọ́, ẹ bi mí, mo fi ọ̀rọ̀ bò ó. Èmi ni mo féèlì."

Kúlúsúmù fi gèlè bo ojú. Mùsáfírù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bùbá tuntun náà. Bàbá dá a lọ́wọ́ kọ́. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Agùntáṣọọ́lò. Wọ aṣọ rẹ. Òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ga tó orúkọ yẹn." Ó ní ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tó fi bo ọ̀rọ̀, Mùsáfírù ni yóò ru àpótí àbúrò rẹ̀ dé ibùdókọ̀ Ìfọ̀, lójú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà ni Bàbá yíjú sí Hàfísátù. Ó ní, "O sọ ọ́, ọmọ mi, n kò gbọ́. Má bínú." N kò tíì gbọ́ kí bàbá kan bẹ ọmọ rẹ̀ báyẹn rí.

Fàúsátù fúnra rẹ̀ ló tú àpò náà. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹni tó ni orúkọ gan-an ni òun ń pè lólè. Wòsílátù ní kí wọ́n yàgò fún òun. Ó ní, "Mo ti jó ti ọmọ ìyáálé mi. Ẹ jẹ́ kí n wá jó tèmi." Ijó tó jó lọ́jọ́ náà, ìrẹsì tutù kí a tó rántí jẹun.

Nígbà tí ọlidé parí, Mùsáfírù ru àpótí dé ibùdókọ̀ Ìfọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é ní Akọ̀wé aláàárù, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí wọ inú ọkọ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí ìjókòó fún àbúrò rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń fà, Hàfísátù yọrí ní fèrèsé, ó ní kí ó tètè máa bọ̀ lẹ́yìn òun. Mo da ẹ̀pà sí i lọ́wọ́ láti ìta, a sì ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ bí ẹni pé àwa náà ń lọ.

Bàbá gbà kí Mùsáfírù tún kíláàsì náà ṣe, ọmọ náà yege, ó sì di akọ̀wé rélùwéè ní tòótọ́. Hàfísátù di olùkọ́. Òun ló sanwó ilé-ìwé àkọ́bí Mùsáfírù.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń retí èsì tiyín, ẹ gbọ́ mi. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lórí tábìlì, tí ẹ bá féèlì rẹ̀, ẹ lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí ẹ sì dákẹ́, ọ̀nà ẹni yẹn lè dí pátápátá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè jẹ́ irọ́. Ẹ tètè sọ òótọ́, ìtìjú tó bá tibẹ̀ wá kì í pẹ́ kọjá.

Títí di òní, tí àwọn méjèèjì ti di arúgbó bí èmi, ẹnu mi kò tíì pe orúkọ wọn rí. Ẹ lè ní mo ti pè é títí nínú ìtàn yìí. N kò pè é. Mo kọ ọ́ ni. Ẹnu ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ pè é, wọn kò bá ọwọ́ sọ̀rọ̀, Akọ̀wé ló sì fi èédú kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.