Ohun Tó Lé Svanlaug Kúrò Nínú Omi Gbígbóná

Ẹ̀rín Dómhildur, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni Svanlaug kọ́kọ́ gbọ́. Ó ti páàkì ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ibi ìlúwẹ̀ẹ́, ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń wo bí ooru omi ṣe ń rú lọ sókè lọ pàdé yìnyín tó ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìkòkò ni gbogbo ìlú ń pe kòtò omi gbígbóná tó wà nínú ọgbà náà. Àárọ̀ kan kì í lọ kí wọ́n má rì sínú rẹ̀ dé ọrùn, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ayé.

"Eyvindur, sún síbẹ̀ jàre! Ẹsẹ̀ ẹ ti gba gbogbo omi."

"Ẹsẹ̀ mi kọ́, ikùn tìẹ ni."

"Ẹnu ẹ ò ní kú! Svanlaug ńkọ́? Etí yẹn ò tíì san ni?"

"Mo ní kó fi òróró ẹ̀dọ̀ ẹja sí i. Kí ni òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kì í wò?"

Etí Svanlaug ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ló pa fún wọn, kó má bàa bá wọn wọ omi. Ó tan ọkọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù ni dókítà sọ fún un pé kòkòrò HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibi tó ti kó o, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ nìyẹn, kò kan èmi tí mò ń sọ ìtàn, kò sì kan ìwọ tí ò ń kà á. Dókítà ṣàlàyé títí, ó fún un ní oògùn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, Svanlaug ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó kàn ń rí ẹnu dókítà tó ń mì, bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi.

Àtìgbà náà ló ti ń rìn bí ẹni tó ń lálàá. Ó ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé bó ṣe máa ń ṣe, òkè funfun ń kọjá lójú fèrèsé, ìkùukùu ń sọ̀kalẹ̀ sórí òkun, kò sì ní mọ ìgbà tóun délé. Oògùn náà wà lẹ́yìn ìyẹ̀fun nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò tíì ṣí i. Lójú tirẹ̀, bóun bá ti gbé e mì báyìí, ọ̀rọ̀ náà ti di òótọ́ nìyẹn. Nígbà tí Dómhildur gbé kleina, ìpanu oníyẹ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín, wá fún un, ẹnu ọ̀nà ló ti gbà á. Kò jẹ́ kó wọlé, kò sì jẹ́ kó dì mọ́ òun.

Ti Ìkòkò ló wá dùn ún jù. Ó dá a lójú pé bóun bá wọ omi kan náà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ òun, òun yóò kó o ràn wọ́n. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń sá fún wọn nítorí pé ó fẹ́ràn wọn. Àwa Yorùbá máa ń pe àìsàn yìí ní kògbóògùn, inú sì máa ń bí mi sí orúkọ náà, nítorí irọ́ ni. Lóòótọ́, wọn ò tíì lè lé e kúrò lára pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń gbóògùn dáadáa. Svanlaug ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ irú orúkọ yẹn gan-an ló ń sọ fún ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún. Bergdís ni, nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn.

"Svanlaug, kí lo jẹ lónìí?"

"Mo jẹun."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o jẹun. Kí lo jẹ?"

Svanlaug ò rántí.

"Oògùn ńkọ́?"

"Mò ń lò ó."

"Ọ̀rẹ́ mi, ohùn ẹ ń sọ nǹkan mìíràn."

Ni ẹkún bá gbọ̀n ọ́n. "Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Bergdís, ó ti rẹ̀ mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n sùn, kí n má jí mọ́."

"O ṣeun tó o sọ ọ́. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní tààrà: ṣé ò ń rò ó láti pa ara ẹ?"

Kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó yà á lẹ́nu pé ìbéèrè náà ò dẹ́rù bà á. Ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan bá a sọ ẹrù kalẹ̀.

"Èrò náà máa ń wá. Mi ò tíì ronú ọ̀nà tí màá gbé e gbà."

"Ó dáa. O ò ní dá wà lónìí. Mò ń bọ̀ wá gbé ẹ, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. Kòkòrò ní ìtọ́jú tiẹ̀, ìbànújẹ́ náà ní tiẹ̀. Orí ẹ ò dàrú o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ irú ìròyìn yìí ló máa ń rí bẹ́ẹ̀."

"Ará ìlú ò ní gbọ́?"

"Lẹ́nu ta ni? Òfin ti dí mi lẹ́nu, èmi náà sì tún fọwọ́ ara mi dí i."

Dókítà náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì dá ọjọ́ mìíràn fún un. Lẹ́yìn náà ni Bergdís fi í mọ Ketill, ọkùnrin ìlú kejì tó ti ń gbé pẹ̀lú kòkòrò náà láti ìgbà tí irun ṣì pé lórí ẹ̀. Ketill ní kí àwọn pàdé nínú Ìkòkò ìlú tòun.

"Nínú omi kẹ̀?" Svanlaug figbe bọnu lórí fóònù.

"Níbo la tún ti ń sọ̀rọ̀ gidi nílẹ̀ yìí?"

Ó lọ. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bá omi ló dúró sí, òtútù ń gbọ̀n ọ́n. Ooru náà ṣú débi pé orí Ketill nìkan ló rí, àti orí àwọn ìyá àgbà méjì tó ń takurọ̀sọ lódìkejì.

"Wọlé, kí òtútù má pa ẹ́."

"Àwọn èèyàn yìí ńkọ́?" Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ketill sún mọ́ ọn. "Àṣé ohun tó ń lé ẹ nìyẹn. Gbọ́. Èèyàn kì í kó o nínú omi. Kì í kó o lára òógùn, kì í kó o nínú ife, kì í kó o níbi ká dì mọ́ra. Bó bá ṣe pé omi ń kó o ràn ni, gbogbo ìlú yìí ni ì bá ti ní in."

"Oògùn yẹn ńkọ́?"

"Àràárọ̀ ni mò ń fi kọfí gbé e mì, mi ò sì í pa á jẹ. Ó ti tẹ kòkòrò náà rì débi pé àyẹ̀wò ò rí i mọ́. Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀, mi ò lè kó o ran ẹni tá a jọ ń sùn. Ìyàwó mi ò ní in."

"O níyàwó!"

"Ó tún ń bú mi lójoojúmọ́. Kí ni mo tún ń wá?"

Svanlaug rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ṣàjèjì létí ara rẹ̀.

"Nígbà témi náà gbọ́, mo tilẹ̀kùn mọ́ra títí òtútù ọdún yẹn fi tán," ni Ketill wí. "Kì í ṣe kòkòrò ló fẹ́ pa mí, dídá wà ni."

Svanlaug wọ inú omi. Yìnyín ń bọ́, ó ń yọ́ kó tó kan omi. Òkè ti sọ nù sínú ooru, ohùn àwọn ìyá àgbà ń dún lọ́ọ̀ọ́kán bí orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀ HIV fún un, ó mọ ibi tóun wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ìbànújẹ́ ò lọ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ó ṣì máa ń padà wá, ṣùgbọ́n bó bá ti dé, Svanlaug á pe Ketill, kì í sì í pa ọjọ́ dókítà rẹ̀ jẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó rì sínú Ìkòkò ìlú tirẹ̀.

"Ṣé etí ti san?" Dómhildur béèrè.

"Etí mi ò ṣe nǹkan kan. Ọkàn mi ló ṣàárẹ̀. Mò ń rí dókítà. Èyí tó kù, bó bá yá, màá sọ."

Dómhildur di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ omi. "Ta ló ní kó o sọ? Ìwọ ṣáà máa wá. Bó ò bá wá lọ́la, ilé ẹ ni màá ti wá wẹ̀."

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé kòkòrò HIV wà lára rẹ, bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ, má sì pa á jẹ. Ohun tí kò bá dá ọ lójú, bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kó o tó fi jẹ ara rẹ níyà. Bí ọkàn rẹ bá wúwo, sọ ọ́, kó o sì wá ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá. Ìwọ lo ni àṣírí rẹ. Ìgbà tó bá wù ọ́ ni wàá sọ ọ́, ẹni tó bá wù ọ́ ni wàá sọ ọ́ fún. Bí èrò láti pa ara ẹni bá dé, má dá wà: pe ilé ìwòsàn tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìwọ tí ọ̀rẹ́ rẹ sì ṣàdédé yẹra, má dúró dìgbà tó o bá mọ ìdí. Lọ kanlẹ̀kùn.